Stan Laurel, Aláwàdà Tí Kò Fẹ́ Dá Ṣeré



Stan Laurel ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ulverston, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n bí i sí ní 1890. Àwọn gbọ̀ngàn orin àti àwàdà ló ti bẹ̀rẹ̀, ní Glasgow. Ní 1910, ó bá ẹgbẹ́ Fred Karno dé Amẹ́ríkà. Bí Charlie Chaplin kò bá lè ṣeré, Laurel ni yóò bọ́ sípò rẹ̀.

Láti 1927 ni òun àti Oliver Hardy ti di ìbejì inú sinimá. Laurel ni òmùgọ̀ níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó tàn yín jẹ o! Òun ló ń ro àwàdà wọn, òun ló ń jókòó ti àwọn tó ń gé fíìmù, nígbà tí Hardy bá lọ gbá gọ́ọ̀fù. Owó rẹ̀ ju ti Hardy lọ. Irú èyí ti tú ẹgbẹ́ òṣèré ká rí, àmọ́ Hardy kò bínú.

Hardy kú ní 1957. Wọ́n pe Laurel sí sinimá, ó kọ̀. Kò ṣeré mọ́ títí ó fi kú ní 1965. Ní tèmi, ibẹ̀ ni mo ti gba tirẹ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú ìwé tẹlifóònù ní Santa Monica. Ẹnikẹ́ni tó bá pè, á dá a lóhùn.