HÍTÀ ỌKỌ̀ TÓ Ń FẸ́ ATẸ́GÙN LỌ́WỌ́Ọ́RỌ́: ẸNU Ẹ́ŃJÌNÌ LÓ FI Ń BÁ YÍN SỌ̀RỌ̀

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn àgbẹ̀ àti ọlọ́sìn agbègbè Agége àti Ìkẹjà sọ

 

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ti ajílẹ̀, kì í sì í ṣe ti oògùn kòkòrò. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni. Ẹlòmíràn lè bi mí pé kí ló kan òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn nípa ọkọ̀. Ó kàn mí púpọ̀. Ẹni tó gbin ata tí ata rẹ̀ yọ, tí ọkọ̀ wá dákú mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà tó ń lọ sí Mile 12, inú agbọ̀n ni èrè rẹ̀ máa jẹrà sí. Ẹni tó ń kó èérí ọkà láti ilé iṣẹ́ ọtí ní Ìkẹjà lọ fún ẹlẹ́dẹ̀ ní Òkè-Arò, ọkọ̀ ni ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ẹni tó sì lọ kó òròmọdìyẹ ọlọ́jọ́ kan ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta wá sí Agége ní ìdájí ọjọ́ ọyẹ́, ó mọ̀ pé òtútù lè pa ẹran náà kó tó délé.

Ọjọ́ ọyẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń rántí pé ọkọ̀ tòkunbọ̀ wa ní hítà. A ó yí i sí gbígbóná, atẹ́gùn lọ́wọ́ọ́rọ́ ni yóò máa fẹ́. A ó ní, "Kò burú, ìlú wa kì í kúkú tutù," a ó sì gbàgbé rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé rẹ̀. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

IBI TÍ HÍTÀ TI Ń RÍ OORU

Hítà kì í dá iná tirẹ̀. Omi tó ń tu ẹ́ńjìnì lára ló ń yá a ní ooru. Bí ẹ́ńjìnì bá ti ń ṣiṣẹ́, wọ́tà pọ́ǹpù á máa ti omi yíká inú rẹ̀. Díẹ̀ nínú omi gbígbóná náà á gba inú rọ́bà méjì kọjá lọ sínú rédíétọ̀ kékeré kan tó wà lẹ́yìn dáṣíbọọ̀dù. Fáànù á fẹ́ atẹ́gùn kọjá lára rẹ̀, òun ni ooru tó ń kàn wá.

Nítorí náà, bí hítà kò bá gbóná dáadáa, ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́ta ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀: omi ẹ́ńjìnì kò pọ̀ tó, tàbí omi náà kò gbóná tó, tàbí kò ráàyè dé ibi tí hítà wà. Méjì àkọ́kọ́ lè ba ẹ́ńjìnì jẹ́ pátápátá.

BÍ Ẹ ṢE MÁA YẸ̀ Ẹ́ WÒ

1. Ẹ kọ́kọ́ wo omi. Kí ẹ ṣe é ní òwúrọ̀, kí ẹ tó tan ọkọ̀. Ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì bá gbóná láéláé, nítorí omi náà yóò tú jáde bó ojú ènìyàn. Bí omi bá ti lọ sílẹ̀, hítà ló sábà máa ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, nítorí pé ibi gíga ni wọ́n gbé e sí. Ẹ fi omi kún un, kí ẹ sì wá ibi tó ń jò. Omi kì í ṣàdédé tán. Bí ẹ bá rí i tó ń hó bí ọṣẹ nínú rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn, tàbí tí ọ́ìlì funfun bí ògì, ó ṣeé ṣe kí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó. Ẹ má gbé ọkọ̀ náà rìn mọ́, àfi tí mẹkáníìkì bá wò ó.

2. Ẹ wo géèjì. Bí géèjì bá ń gòkè tí hítà sì ń tutù, ewu ńlá ni. Omi ti tán tàbí kò yíká mọ́. Ẹ dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹ tún fi sọ́kàn pé bí omi bá ti lọ sílẹ̀ jù, ohun tó ń sọ fún géèjì kò ní kan omi mọ́. Géèjì lè máa fi hàn pé kò séwu nígbà tí ẹ́ńjìnì ti ń jóná. Hítà tó ṣàdédé tutù lè ta yín lólobó.

3. Ẹ tẹ́tí sí i. Bí ẹ bá ń gbọ́ gbuku-gbuku lẹ́yìn dáṣíbọọ̀dù, tí hítà ń gbóná nígbà tí ẹ bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ epo tó sì ń tutù bí ẹ bá dúró, atẹ́gùn ló há sínú omi, tàbí kí omi má kún tó. Kí mẹkáníìkì tú atẹ́gùn náà jáde, kí ó sì fi omi rọ́pò rẹ̀.

4. Ẹ fọwọ́ kan rọ́bà hítà méjèèjì. Ẹ fi àkísà di ọwọ́, kí ẹ sì yẹra fún fáànù. Bí méjèèjì bá gbóná bákan náà, omi ń kọjá. Wáyà tàbí ìlẹ̀kùn kékeré inú dáṣíbọọ̀dù ni kò ṣí dáadáa. Bí ọ̀kan bá gbóná tí èkejì tutù, ìpẹtà àti ẹrẹ̀ ti dí hítà, tàbí ẹnu ọ̀nà omi rẹ̀ kò ṣí. A lè fi omi ẹ̀rọ tí kò lágbára jù fọ̀ ọ́ láti ìdí wá sí ẹnu. Bí méjèèjì bá lọ́wọ́ọ́rọ́ tí omi sì kún, ẹ lọ sí orí thermostat.

Ọkọ̀ Volkswagen ìjàpá àtijọ́ kò sí nínú ọ̀rọ̀ omi yìí. Atẹ́gùn ló ń tu ẹ́ńjìnì rẹ̀ lára, ooru sàlẹ́ńsà sì ni hítà rẹ̀ ń lò. Bí sàlẹ́ńsà rẹ̀ bá ti lu, ẹ má tan hítà náà rárá.

THERMOSTAT TÍ WỌ́N YỌ DÀNÙ

Ibí yìí gan-an ni mo ń bọ̀. Thermostat jẹ́ ìlẹ̀kùn kékeré tó ń dá omi dúró kó má tíì lọ sínú rédíétọ̀ ńlá títí ẹ́ńjìnì yóò fi gbóná tó. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, nǹkan bí 80 sí 90°C ló máa ń ṣí. Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ tó ń gbóná jù lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, láti Ìju títí dé Ògbà, ọ̀pọ̀ ni yóò sọ fún yín pé, "Bàbá, ìlú wa gbóná, kí lẹ fẹ́ fi thermostat ṣe?" Wọ́n á yọ ọ́, ọkọ̀ á tutù fún ìgbà díẹ̀, inú á dùn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń tẹ̀lé e. Ẹ́ńjìnì kò ní tètè gbóná bó ṣe yẹ, pàápàá tí ẹ bá ń sáré ní ọ̀nà Ìbàdàn. Yóò máa mu epo ju bó ṣe yẹ lọ. Bẹntiróòlù tí kò jóná tán yóò máa ṣan ọ́ìlì kúrò lára písítìnì, tí písítìnì á sì máa jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti dópin, gbogbo wa la mọ ohun tí gálọ́ọ̀nù kan ń gbà lápò wa. Ta ló fẹ́ dà á sílẹ̀ lásán?

Ìyẹn nìkan kọ́. Nínú àwọn ẹ́ńjìnì kan, thermostat yìí náà ló ń dí ọ̀nà àbùjá tí omi lè gbà yẹ rédíétọ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá yọ ọ́, omi gbígbóná á máa gba àbùjá, ẹ́ńjìnì á sì gbóná jù nínú gó-sílóò Agége Motor Road. Ohun tí ẹ tìtorí rẹ̀ yọ ọ́ á tún padà wá.

Ẹ lè dán thermostat wò nílé. Ẹ fi okùn so ó kọ́ sínú ìkòkò omi tútù, kí ẹ gbé e ka iná. Ó yẹ kó pa ẹnu dé nígbà tí omi tutù, kó sì ti ṣí kí omi tó hó. Bí ẹnu rẹ̀ bá là sílẹ̀ nínú omi tútù, tàbí tí omi hó tí kò ṣí, ẹ lọ ra òmíràn ní Ládipọ̀. Ẹ mú ti àtijọ́ dání kó lè bá ẹ́ńjìnì yín mu. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹ́ńjìnì tó nọ́ọ̀kì.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n gé hítà kúrò nítorí pé ẹ kì í lò ó. Bí ẹ́ńjìnì bá ń gbóná jù níbi tí kò ti ṣeé ṣe láti dúró, bí omi bá ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ tan hítà sí gbígbóná pátápátá, kí ẹ ṣí fèrèsé. Yóò fa díẹ̀ nínú ooru náà kúrò lára ẹ́ńjìnì títí ẹ ó fi rí ibi páàkì. Òógùn á bò yín o, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì lè yè é.

ÒRÒMỌDÌYẸ ÀTI ÌKÒKÒ ÈÉDÚ

Inú páálí òròmọdìyẹ ọlọ́jọ́ kan ń fẹ́ ooru tó tó nǹkan bí 32°C. Bí hítà kò bá ṣiṣẹ́, àwọn kan máa ń gbé ìkòkò èédú sínú ọkọ̀ tí wọ́n ti pa. Ẹ má dán an wò. Èédú tó ń jó níbi tí atẹ́gùn kò ti wọlé ń tú carbon monoxide jáde, gáàsì tí kò ní òórùn tí kò sì ní àwọ̀. Ó máa ń pa adìyẹ, ó sì máa ń pa awakọ̀ pẹ̀lú. Oorun lásán ni yóò dà bí ẹni pé ó ń kun ènìyàn. Ẹ to páálí pọ̀ dáadáa, ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún atẹ́gùn, ẹ fi aṣọ dáàbò bò wọ́n kúrò lójú afẹ́fẹ́, tàbí kí ẹ dúró kí oòrùn yọ kí ẹ tó gbéra.

OHUN TÍ Ẹ Ó MÁA ṢE

Ẹ máa wo omi rédíétọ̀ ní àràárọ̀ bí ẹ ti ń wo omi adìyẹ. Ẹ lo kúláǹtì pẹ̀lú omi tó mọ́. Kì í ṣe yìnyín nìkan ló wà fún, òun ló ń lé ìpẹtà. Ẹ má da omi kànga tó ní ẹrẹ̀ sí i. Ẹ má máa fi ìyẹ̀fun adíhò kún un lemọ́lemọ́, nítorí ihò wẹ́wẹ́ inú hítà ló máa kọ́kọ́ dí. Bí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná jù, ẹ má da omi tútù lé e lórí. Ẹ jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀ kó má baà sán. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, bí ooru tilẹ̀ ń mú, ẹ tan hítà fún ìṣẹ́jú méjì. Bó bá gbóná ṣáṣá, ọkàn yín balẹ̀. Bó bá lọ́wọ́ọ́rọ́, ẹ ti mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀.

Bí ìbéèrè bá wà, ẹ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn àdúgbò yín ní ọjọ́ ìpàdé.