Kọ̀ǹpútà Tí Ń Jí Tí Kò Lè Dìde

Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024, fáìlì alábùkù kan tí ilé-iṣẹ́ CrowdStrike fi ránṣẹ́ da nǹkan bí mílíọ̀nù 8.5 kọ̀ǹpútà Windows rú kárí ayé. Ọ̀pọ̀ ń kú, wọ́n ń jí, wọn kò lè dìde. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ gba ọ̀nà Safe Mode wọlé, wọ́n pa fáìlì náà rẹ́, ara kọ̀ǹpútà sì yá.

Ní Kétu, bí iná bá lọ nígbà tí kọ̀ǹpútà tí bátìrì rẹ̀ ti kú ń gba àtúnṣe, irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran: kí akẹ́kọ̀ọ́ má kánjú gbà kí ó nu gbogbo rẹ̀. Kí ó yọ flash kúrò, kí ó gbìyànjú Startup Repair, lẹ́yìn náà Safe Mode. Bí ó bá béèrè kọ́kọ́rọ́ BitLocker, nọ́mbà 48 ni. Ó sábà máa ń wà nínú àkáǹtì Microsoft ẹni. Bí ìwọ̀nyí bá kùnà, kí alátùn-ún-ṣe kọ́kọ́ kó iṣẹ́ inú rẹ̀ jáde.

Kọ̀ǹpútà mìíràn ṣeé rà. Iṣẹ́ ìwádìí ọdún kan kò sí lórí àtẹ kankan, títí dé Máìlì 12. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà kejì.