Ẹsẹ̀ Ògiri
Ẹ̀yin tí ẹ ń san owó yàrá lóṣooṣù, ẹ má wí pé, «Ilé mi kọ́.» Bí ògiri bá wó, ta ni yóò wó lù?

Kí òjò tó dé, ẹ wo ẹsẹ̀ ògiri amọ̀ yín. Omi etí páànù ló ń jẹ ẹ́. Ẹ la ojú àgbàrá fún omi náà. Ẹ gé koríko gbígbẹ wẹ́wẹ́, ẹ pò ó mọ́ amọ̀, ẹ fi dí ibi tó jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wọ́n omi sí ògiri o! Èmi ò wọ́n ọn nígbà kan. Ọjọ́ kẹta, gbogbo rẹ̀ já bọ́.

Bí páànù bá ń jò, ẹ bá onílé sọ ọ́ kí ẹ tó náwó. Ẹ kọ iye rẹ̀ sínú ìwé, kí òun náà tẹ̀ka sí i.