Ohun tí ń Dán nínú Iyanrìn

Bí òjò bá dá tí oòrùn sì ràn, ẹ ó rí ohun kan tí ń kọ mọ̀nà nínú iyanrìn ojú àgbàrá. Àwọn ọmọdé a ní wúrà ni. Rárá o, máíkà ni. Ẹ fi èékánná ṣí i wò: ìpele ìpele ni yóò ṣí bí ewé ìwé. Wúrà kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Níbo ni ó ti wá? Ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, òkúta yíyọ́ gbígbóná ru sókè lábẹ́ ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n kò yọ síta. Abẹ́ ilẹ̀ ni ó ti tutù díẹ̀díẹ̀ tí ó di akọ òkúta, máíkà inú rẹ̀ sì kéré. Ìyókù tí ó dì kẹ́yìn kún fún omi. Ó wọ inú pàlàpálá àpáta lọ. Omi yìí jẹ́ kí àwọn èròjà lè rìn lọ bá ara wọn, nítorí náà máíkà ibẹ̀ tóbi. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ wà ní Ìjerò-Èkìtì.

Iná mànàmáná kì í gba inú máíkà kọjá, ooru kì í sì tètè bà á jẹ́. Ìdí nìyí tí a fi ń lò ó nínú áyọ́ọ̀nù oníná, tí ó sì wà nínú rédíò àtijọ́.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ ṣa èyí tí òjò gbá síta, ṣùgbọ́n ẹ má wọ kòtò awakùsà. Etí rẹ̀ lè ya lójijì, eruku òkúta sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ohun tí ó ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá yóò dúró dè yín títí ẹ ó fi kọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ó dìgbà o.