Tí inú bá ń lọ́ yín nínú sún kẹrẹ fà kẹrẹ

Festac la wà, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò lẹ̀ ń gbọ́ yẹn, ẹ má bínú.

Àwa tá a máa ń jí lọ sí Mile 2 ní ìdájí mọ̀ ọ́n: gbàrà tí ọkọ̀ bá ti dúró, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ èèyàn, kò sì sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì nítòsí. Ẹ ṣàyẹ̀wò títí, wọn ò rí nǹkan kan. IBS ni àwọn dókítà ń pè é. (Tó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́, tàbí ẹ ń rù láìnídìí, ìyẹn yàtọ̀, ẹ tètè gba ọsibítù lọ.)

Kì í ṣe àròsọ. Ọpọlọ àti ìfun máa ń ránṣẹ́ síra wọn. Ṣebí inú náà ni Yorùbá fi ń dùn, òun la fi ń bínú?

Ní 1984, Dókítà Peter Whorwell ní Manchester fi hypnosis tọ́jú àwọn tí oògùn ò ràn lọ́wọ́. Èèyàn 30 ló wà nínú ìwádìí náà. Àwọn tó gba hypnosis sàn ju àwọn yòókù lọ dáadáa. Kì í ṣe juju o! Ẹ ṣì máa gbọ́ gbogbo ohun tó ń lọ. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ gbọ́wọ́ lé ikùn, kẹ́ ẹ máa rò ó pé ó ń móoru, pé ìfun yín ń ṣàn jẹ́jẹ́ bí odò.

Nínú dáńfó, èmi máa ń gbọ́wọ́ lé ikùn, màá mí sínú, màá ka 4, màá mí síta, màá ka 6. Kì í ṣe hypnosis gan-an, àmọ́ inú mi máa ń rọlẹ̀ kí n tó dé Mile 2.