Ẹ̀yáwó Onídùúró Ìjọba àti Àwọn Oníṣòwò Kéékèèké Nídìí Ìrìn-àjò Afẹ́

Ẹ̀yáwó onídùúró ìjọba ni owó tí báǹkì yá oníṣòwò, tí ìjọba sì ti gbà pé bí ẹni náà kò bá rí i san, òun yóò dí apá kan nínú àdánù báǹkì. Ó yàtọ̀ sí owó ìrànwọ́, tí ẹni tó gbà á kò ní dá padà. Ìrìn-àjò afẹ́ kò gba àlàyé níwájú àwùjọ tó ti gun àpáta Olúmọ l'Ábẹ́òkúta, tó sì ti wo ọdún Ojúde Ọba n'Íjẹ̀bú-Òde. Àwọn oníṣòwò kéékèèké tí ọ̀rọ̀ kàn ni onílé àlejò oníyàrá mẹ́fà, olóúnjẹ, awakọ̀, afinimọ̀nà àti aláró.

Àwọn onímọ̀ kan ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé mẹ̀kúnnù kì í san owó ìjọba, àti pé ilé ìtura ńláńlá ló yẹ kí a yá a. Òótọ́ ni pé a rí àwọn tó gbà á tí wọ́n fi sìnkú, ṣùgbọ́n èrò náà kò tọ̀nà, òṣómàáló sì ni ẹ̀rí. Oníṣòwò ará Ìjẹ̀ṣà yìí, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ń ru aṣọ láti ìlú dé ìlú, ó ń tà á láwìn, kò sì gba ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Orúkọ rẹ̀ ti sọ bó ṣe ń gba gbèsè: yóò lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, kò ní dìde títí owó rẹ̀ yóò fi pé. Àwọn tó ń fi orúkọ náà ṣẹ̀fẹ̀ kò ronú kan ohun tó ṣáájú lílóṣòó: ó mọ ilé oníbàárà, ó mọ ẹbí rẹ̀, ó sì mọ oṣù tí irè oko ń di owó, nítorí náà kì í lọ lóṣòó síbi tí owó kò tí ì wọlé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti ń sọ èyí ní kíláàsì, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tí àwọn kan nínú wọn jókòó síwájú báyìí gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá báǹkì, ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ti tó gẹ́ẹ́, nítorí iye tí aláró ń pa lóṣooṣù ni ìwé ìbéèrè ẹ̀yáwó wọn ṣì ń bèèrè, kì í ṣe oṣù tí owó ń wọlé fún un.

Ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, aláró tó ń ṣe àdìrẹ a fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ funfun, a rì í sínú aró, a sá a, a tún rì í, títí yóò fi dúdú bó ṣe fẹ́. Owó ti wọnú aṣọ àti èlú kí àlejò kankan tó sọ̀kalẹ̀ láti orí Olúmọ. Bákan náà ló rí ní Òṣogbo, níbi tí ọdún Ọ̀ṣun, nínú igbó tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005, ti ń kó èrò wọ̀lú ní oṣù Kẹjọ, tí yàrá á sì ṣófo lẹ́yìn rẹ̀. Báǹkì tó ní kí onílé àlejò san iye kan náà ní oṣù Kẹwàá ti fọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọ́ di onígbèsè.

Nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilé ìtura pa ní 2020, Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ya bílíọ̀nù 50 náírà sọ́tọ̀ fún ẹ̀yáwó ní èlé ìdá 5 nínú 100 lọ́dún, ó sì ka ilé ìtura àti ilé oúnjẹ mọ́ àwọn tó lè yá a, títí dé mílíọ̀nù 25 náírà. Èlé náà fúyẹ́, ṣùgbọ́n owó yíyá nìyẹn, kì í ṣe ìdúró. Ní ti ìdúró gan-an, àwọn àgbẹ̀ ti ní òfin tiwọn láti 1977, èyí tó ń san ìdá 75 nínú 100 ohun tó bá kù lẹ́yìn tí báǹkì bá ti ta ohun ìdógò, ìyẹn ohun ìní tí ó lè gbẹ́sẹ̀ lé.

Ní ti ohun ìdógò náà, òfin 2017 lórí ohun ìní tó ṣeé gbé ti fàyè gba ọjà inú ìsọ̀, ọkọ̀ àti ẹ̀rọ, síbẹ̀ ìwé ilẹ̀ ni wọ́n ṣì ń kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ obìnrin tí gbogbo ọrọ̀ rẹ̀ wà nínú ìdì àdìrẹ. Bí àwọn báǹkì bá fẹ́ tún ìwé ìbéèrè wọn tẹ̀, kí wọ́n fi ìlà kan kún un níbi tí aláró yóò ti kọ oṣù tí àlejò ń dé, kí wọ́n sì ka ìgbà sísan láti oṣù náà.