Àádọ́ta Ọ̀kẹ́

Iye kan ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí: iye tí àwọn ọmọ wa ń pè ní mílíọ̀nù, tí èdè wa sì ń pè ní àádọ́ta ọ̀kẹ́.

Ní ayé owó ẹyọ, ogójì ẹyọ ni a ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn di ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá kún ọ̀kẹ́ kan, èyí tíí ṣe 20,000, ẹrù alárù kan. Ẹni tí ó bá ní 1,000,000 ẹyọ, okùn 25,000 ni ó ní, yóò sì wá àádọ́ta alárù.

Ẹ wo bí orúkọ náà ti fi inú rẹ̀ hàn. Bí a bá tú àádọ́ta dé ìpìlẹ̀, a óò rí èjì kan àti àrún méjì. Bí a bá tú ọ̀kẹ́, a óò rí èjì márùn-ún àti àrún mẹ́rin. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ èjì mẹ́fà àti àrún mẹ́fà. Kò sí ẹ̀ta, kò sì sí èje níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún, tí ó sì tún jẹ́ ọgọ́rùn-ún lọ́nà ọgọ́rùn-ún lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Iye 49 ni ó lè pín in láìṣẹ́kù.

Bí ẹ bá pín in fún àwọn odù àgbà 16, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 62,500, kò sì sí ìyókù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pín in sọ́nà méje, ìpín kọ̀ọ̀kan jẹ́ 142,857, ọ̀kan a sì ṣẹ́kù. Ìyanu ni pé bí ẹ bá sọ 142,857 di ìlọ́po méjì, 285,714 ni yóò dé: àwọn àmì kan náà ni, ipò ni wọ́n pààrọ̀.

Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún ìlú. Bí àdúgbò mẹ́ta bá pín mílíọ̀nù náírà, 333,333 kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, náírà kan a sì ṣẹ́kù. Ẹ ṣẹ́ ẹ sí kọ́bọ̀ ọgọ́rùn-ún: kálukú mú 33, kọ́bọ̀ kan a tún ṣẹ́kù. Kì í ṣe akápò ni ó jí i. Bí iye náà ti rí nìyẹn. Ẹni tí ó mọ ìṣirò kò ní fi ẹ̀sùn èké kan ọmọ ìyá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mílíọ̀nù kò sọ nǹkankan fún wa nípa inú ara rẹ̀, ṣùgbọ́n àádọ́ta ọ̀kẹ́ jẹ́ ìṣirò lẹ́nu ẹni tí ó ń pè é. Ìkànìyàn ọdún 2006 fi hàn pé àwa ènìyàn Ìpínlẹ̀ Èkìtì ju ọgọ́rùn-ún ọ̀kẹ́ lọ. Ǹjẹ́ ó yẹ kí ọmọ wa máa gbọ́ iye ara rẹ̀ ní èdè ẹlòmíràn nìkan? Mo bẹ̀ yín, ní Ìkọ̀lé, ní Ọ̀yẹ́, ní Ìdó àti ní Ààyè, ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀kẹ́ kọ́ wọn ní ilé àti ní ilé-ẹ̀kọ́, kí wọ́n lè mọ̀ méjèèjì.